“Ilé Wó”: Ọ̀rọ̀ fún Àṣìṣe, Ẹ̀bi àti Ojúṣe nínú Iṣẹ́ Ẹnjiníà

Ọ̀rọ̀-ìṣe “wó” ń ṣe iṣẹ́ méjì nínú èdè Yorùbá. Bí ẹnìkan bá wí pé “ilé wó”, ilé náà fúnra rẹ̀ ni olùwà gbólóhùn, kò sì sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ hàn níbẹ̀. Bí ó bá wí pé “wọ́n wó ilé náà”, ohun tí olùgbọ́ yóò mọ̀ ni pé àwọn kan mọ̀ọ́mọ̀ bì í ṣubú. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ ẹnjiníà bá bàjẹ́ kò bọ́ sí èyíkéyìí nínú méjèèjì: kò sí ẹni tí ó fẹ́ kí ilé náà wó, síbẹ̀ kò ṣàdédé wó. Nígbà tí ilé alájà 21 kan tí wọ́n ṣì ń kọ́ lọ́wọ́ wó ní Ìkòyí ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, tí ó sì pa ju 40 ènìyàn lọ, gbólóhùn àkọ́kọ́ ni ó rọrùn jù lọ fún ahọ́n. Láti ibẹ̀, ìṣísẹ̀ kan péré ni ó kù kí ẹlòmíràn tó wí pé àmúwá Ọlọ́run ni.

Olùkọ́ tàbí olùtúmọ̀ tí ó bá fẹ́ fi Yorùbá ṣàlàyé ìlànà ìwà nínú iṣẹ́ ẹnjiníà ní láti wá ọ̀rọ̀ tí yóò ya ohun tí ó já kúrò lára ẹni tí ó ṣìṣe, tí yóò sì ya ẹni tí ó ṣìṣe kúrò lára ẹni tí ó gbọ́dọ̀ jíhìn. (“Ìmọ̀ ẹ̀rọ” tí ọ̀pọ̀ ìwé ń lò kò ran ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ níhìn-ín, nítorí afárá kì í ṣe ẹ̀rọ, “ẹnjiníà” tí gbogbo ìgboro ń pè tọ́ jù.) Ìṣẹ̀lẹ̀ kan tí ó dára láti fi dán irú àwọn ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wò ni ti Kansas City, ní ìpínlẹ̀ Missouri ní Amẹ́ríkà, nítorí pé àwọn olùwádìí àti adájọ́ tọ ipasẹ̀ rẹ̀ láti ara nọ́ọ̀tì títí dé ọwọ́ ẹni tí ó lu òǹtẹ̀.

Ọdún 1980 ni wọ́n ṣí ilé ìtura Hyatt Regency níbẹ̀. Afárá mẹ́ta ni ó dábùú òkè gbọ̀ngàn ńlá rẹ̀, ní àjà kejì, àjà kẹta àti àjà kẹrin. Ti àjà kejì wà ní ìsàlẹ̀ ti àjà kẹrin gan-an. Ti àjà kẹta wà lọ́tọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Kò sí òpó lábẹ́ wọn. Ọ̀pá irin ni ó so wọ́n rọ̀ láti òrùlé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Keje ọdún 1981, nígbà tí èrò pọ̀ nínú gbọ̀ngàn náà nítorí ijó, afárá àjà kẹrin já lu ti àjà kejì, àwọn méjèèjì sì já lu àwọn tí ó wà ní ilẹ̀. Ènìyàn 114 ni ó kú, àwọn tí ó fara pa sì ju 200 lọ.

Gẹ́gẹ́ bí àwòrán àkọ́kọ́, ọ̀pá irin kan náà ni yóò ti òrùlé wá, tí yóò gba inú bíìmù afárá òkè kọjá, tí yóò sì sọ̀ kalẹ̀ dé ti ìsàlẹ̀. Nọ́ọ̀tì kan yóò gbé afárá òkè, òmíràn yóò gbé ti ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n kí nọ́ọ̀tì òkè tó lè dé àyè rẹ̀, wọ́n ní láti la ipa tí yóò máa yí gbà sí ara ọ̀pá gígùn náà láti ìsàlẹ̀ dé ibẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí ó ń to irin náà kò fẹ́ wàhálà yìí. Wọ́n sọ ọ̀pá kan di méjì: ọ̀kan láti òrùlé dé afárá òkè, èkejì láti ara afárá òkè dé ti ìsàlẹ̀.

Lójú òpè, nǹkan kò yàtọ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ro okùn kànga kan tí wọ́n so garawa méjì mọ́, ọ̀kan ní àárín, ọ̀kan ní ìsàlẹ̀, kálukú pẹ̀lú kókó tirẹ̀. Kókó òkè ń gbé garawa kan, kókó ìsàlẹ̀ ń gbé garawa kan. Bí wọ́n bá wá gé okùn náà lábẹ́ garawa òkè, tí wọ́n so ìyókù mọ́ ìdí garawa òkè náà, omi kò pọ̀ sí i, ẹni tí ó ń fà á kò sì ní mọ ìyàtọ̀; ṣùgbọ́n kókó tí ó ń gbé garawa kan tẹ́lẹ̀ ti ń gbé méjì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí fún nọ́ọ̀tì abẹ́ bíìmù àjà kẹrin: ẹrù orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Bíìmù ọ̀hún, irin méjì ni, tí wọ́n dojú kọ ara wọn tí ajórin sì jó pọ̀, ihò tí ọ̀pá gbà kọjá sì bọ́ sí ojú ibi tí wọ́n jó gan-an. Irin náà ya, nọ́ọ̀tì sì gba inú rẹ̀ kọjá.

Ìyípadà yìí nìkan kọ́ ni àléébù. Àbọ̀ ìwádìí tí National Bureau of Standards gbé jáde ní ọdún 1982 fi hàn pé àwòrán àkọ́kọ́ pàápàá kò ní ju nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí òfin ìkọ́lé ìlú náà béèrè. Èyí tí wọ́n wá kọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ lè gbé ju ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ.

Fún ibi tí ọ̀pá àti bíìmù ti pàdé, “ìsopọ̀” ni ọ̀pọ̀ olùtúmọ̀ yóò kọ́kọ́ mú. “Oríkèé” sàn jù ú lọ. Ìsopọ̀ kò sọ ju pé nǹkan méjì pàdé. Oríkèé ìka tàbí ti ọparun ń rán akẹ́kọ̀ọ́ létí pé ibẹ̀ ni nǹkan ti ń tẹ̀, ibẹ̀ náà ni ó sì ti ń yẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe “yẹ̀” yìí wúlò púpọ̀. Bí ìwé bá lo “yẹ̀”, “já” tàbí “wó” fún ohun èlò, tí ó sì fi “kùnà” sílẹ̀ fún ènìyàn nìkan, gbólóhùn méjì ni yóò wà níbi tí ọ̀kan wà tẹ́lẹ̀: oríkèé yẹ̀, ẹnìkan kùnà ojúṣe rẹ̀.

Ta ni ẹni náà? Jack Gillum ni ẹnjiníà tí òǹtẹ̀ rẹ̀ wà lórí àwòrán. Daniel Duncan, tí ó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, ni ó ń bójú tó iṣẹ́ náà. Àwòrán tí ilé-iṣẹ́ irin yà, tí ó fi ọ̀pá méjì hàn kedere, padà láti ọ̀dọ̀ wọn ní oṣù Kejì ọdún 1979 pẹ̀lú òǹtẹ̀ pé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ilé-iṣẹ́ irin sọ pé àwọn fi tẹlifóònù gba àṣẹ ìyípadà. Àwọn ẹnjiníà sọ pé irú ìpè bẹ́ẹ̀ kò wáyé. Ohun tí kò ní iyàn nínú ni pé kò sí ẹni tí ó ṣe ìṣírò oríkèé náà. Àwọn ẹnjiníà kà á sí iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ irin. Ilé-iṣẹ́ irin kà á sí ohun tí ó ti parí. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1979, apá kan òrùlé gbọ̀ngàn náà já lulẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, síbẹ̀ oríkèé afárá wà bí ó ti wà.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1985, adájọ́ kan ní Missouri dá ẹnjiníà méjèèjì lẹ́bi, ní ọdún 1986 wọ́n sì gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ wọn ní ìpínlẹ̀ náà. Kò sí ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kàn. Ọ̀rọ̀ tí ìdájọ́ náà dúró lé ni èyí tí àwọn ìwé Yorùbá sábà máa ń pè ní “àìbìkítà”, ṣùgbọ́n kò dé ibẹ̀ tó. “Àṣìṣe” ni ti ẹni tí ó ṣírò, tí ìṣírò rẹ̀ kò sì pé. “Ìgbójúfò” ni ti ẹni tí ojú rẹ̀ fo ohun tí ó yẹ kí ó rí. Adájọ́ kò dúró síbẹ̀. Ohun tí ó rí ni ìwà ẹni tí ó mọ̀ pé ojúṣe kan wà lọ́rùn òun, tí ó sì kọ etí ikún sí i. “Ìdágunlá” ni Yorùbá ń pe èyí, nítorí ẹni tí kò mọ̀ kò lè dágunlá. Olùtúmọ̀ tí ó bá kọ “àṣìṣe” síbẹ̀ ti yí ìdájọ́ náà padà, bí gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù tilẹ̀ pé.

Àṣàyàn ọ̀rọ̀ lè dá aláìṣẹ̀ lẹ́bi pẹ̀lú. Ní àṣálẹ́ tí ó ṣíwájú ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kìíní ọdún 1986, Roger Boisjoly àti àwọn ẹnjiníà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Morton Thiokol kìlọ̀ pé òtútù yóò ba rọ́bà tí ó dí oríkèé rọ́kẹ́ẹ̀tì Challenger jẹ́. Àwọn ọ̀gá borí wọn. Ènìyàn méje ni ó kú ní ọjọ́ kejì. Boisjoly sọ gbogbo rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe “olófòófó”, bẹ́ẹ̀ ni “atúṣìírí” kò yẹ ẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjèèjì ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ẹnu. “Olùkìlọ̀ ewu” kò ní àbùkù kankan nínú.

Ó ku “ojúṣe” àti “ìjíhìn”. Gillum kọ́ ni ó ya ọ̀pá méjì, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òun ni ó ń bójú tó iṣẹ́ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ rẹ̀ ni. Adájọ́ gbà pé ènìyàn lè fi iṣẹ́ rán ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n kò lè fi ìjíhìn rán an. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ẹnjiníà Nàìjíríà pẹ̀lú, tí àjọ COREN tí òfin dá sílẹ̀ ní ọdún 1970 ń forúkọ wọn sílẹ̀. Nítorí náà, “lu òǹtẹ̀” nínú ìwé ẹ̀kọ́ kò gbọdọ̀ túmọ̀ sí “fọwọ́ sí i” lásán, bí akọ̀wé ti ń fọwọ́ sí ìwé ìgbowó.

Lẹ́yìn tí ẹjọ́ ti parí, Gillum bẹ̀rẹ̀ sí lọ sí àpéjọ àwọn ẹnjiníà láti sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Kansas City, kí ó tó kú ní ọdún 2012. “Rojọ́” kò bá èyí mu, nítorí kò sí adájọ́ níbẹ̀ mọ́. “Jíhìn” ni ọ̀rọ̀ náà.