Kòkó Kò Tíì Gbẹ, Ọjọ́ Ti Pé

Ìbéèrè: Araromi-Obu ni mo ti ń dáko kòkó. Mo ń kọ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ sínú fóònù, síbẹ̀ kòkó kì í tíì gbẹ tí ẹni tó fẹ́ rà á fi ń dé. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ó jọ pé ọjọ́ títà nìkan lẹ ń kọ. Bíbo kòkó ń gbà tó ọjọ́ 5 sí 7, sísá a sóòrùn tó ọ̀sẹ̀ kan, bí òjò kò bá dí i lọ́wọ́. Ẹ ka ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn láti ọjọ́ títà, kí ẹ kọ ọjọ́ yẹn sílẹ̀ fún fífọ́ kòkó.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ wákàtí tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan máa gbà lọ́wọ́ yín. Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe: bíbò ń pẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n fífọ́ ló ń jẹ odidi ọjọ́. Ẹ má fi iṣẹ́ ńlá mìíràn kún ọjọ́ fífọ́.

Org-mode, ètò kọ̀ǹpútà kan tí Carsten Dominik bẹ̀rẹ̀ ní 2003, ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú fáìlì ọ̀rọ̀ lásán: ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀, ọjọ́ ìparí, ìwọ̀n wákàtí. Ó tún ń kìlọ̀ láti ọjọ́ 14 ṣáájú ọjọ́ ìparí. Ṣùgbọ́n ibi ìkọ̀wé inú fóònù yín tó fún ti yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú yìí.