ÌLÀ TÍ A Ń SÚN: Ẹ̀kọ́ Lára Ọkọ̀ Edmund Fitzgerald

Nínú Suuratul-Baqarah, Ọlọ́hun Ọba ka ọkọ̀ tó ń rìn lórí omi mọ́ àwọn àmì fún ẹni tó bá ní làákàyè. Ẹ jẹ́ kí a fi làákàyè wo ọkọ̀ kan lónìí.

Bí wọ́n ṣe kàn án

Adágún omi ńlá márùn-ún ló wà níbi tí Amẹ́ríkà àti Kánádà ti pààlà. Superior ló tóbi jù nínú wọn, ìjì rẹ̀ sì le bíi ti òkun. Ní 1958 ni wọ́n sọ Edmund Fitzgerald sómi ní River Rouge, ní ìpínlẹ̀ Michigan. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 729, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 75. Kò sí ọkọ̀ tó gùn jù ú lọ lórí àwọn adágún náà nígbà náà. Wọn kò ṣàdédé wọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀: nígbà náà, ọkọ̀ tó bá gùn ju 730 lọ kò lè gba ọ̀nà omi St. Lawrence kọjá sí òkun.

Yàrá atukọ̀ wà níwájú, ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn, ibi ìkẹ́rù ló gba gbogbo àárín. Ẹnu ìkẹ́rù 21 ló wà lórí rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọmọrí irin àti ìdè 68. Ògiri méjì ló pín ikùn ọkọ̀ náà sí mẹ́ta, ṣùgbọ́n ògiri wọ̀nyí kò lè dá omi dúró. Bí omi bá wọ apá kan, gbogbo rẹ̀ ló wọ̀. Kò sì sí ẹ̀rọ tí yóò sọ fún atukọ̀ pé omi ti wà lábẹ́ ẹrù.

Ìlà ara ọkọ̀

Wọ́n máa ń fa ìlà sí ara ọkọ̀ akẹ́rù. Bí ẹrù bá ti tẹ ọkọ̀ rì títí omi fi kan ìlà náà, ó tó. Ní 1969, ní 1971, àti ní 1973, òfin gbà kí wọ́n sún ìlà Fitzgerald sókè. Àpapọ̀ rẹ̀ lé ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Ẹrù pọ̀ sí i, owó pọ̀ sí i, omi sì súnmọ́ orí ọkọ̀ sí i. Ọkọ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, kò sí nǹkan kan.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá, 1975, ó gbéra ní èbúté Superior, ní Wisconsin, pẹ̀lú ẹrù irin tó lé ní tọ́ọ̀nù 26,000. Lọ́jọ́ kejì ìjì dé. Ọ̀gá ọkọ̀, Ernest McSorley, sọ lórí rédíò pé ọkọ̀ ti ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, pé ẹ̀rọ ìfami ti ń ṣiṣẹ́. Rédà rẹ̀ kú. Ọkọ̀ Arthur M. Anderson tó wà lẹ́yìn ló ń júwe ọ̀nà fún un. Ní nǹkan bí agogo méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá lálẹ́, wọ́n bi í bí ó ṣe ń lọ. Ó ní àwọn ń bá a yí. Láìpẹ́ wọn kò rí i mọ́. Kò ké gbàjarè. Gbogbo atukọ̀ 29 ló bá a lọ.

Ìwádìí àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun ní 1977 ní omi gba ẹnu ìkẹ́rù tí kò dé dáadáa wọlé. Ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ kò gbà. Wọ́n ní àpáta abẹ́ omi ló kọlù. Àríyànjiyàn náà kò tíì tán. Ṣùgbọ́n ìlà tí wọ́n sún kò ran ọkọ̀ náà lọ́wọ́ lójú ìjì.

Ẹ̀kọ́ tiwa

Ọlọ́hun ló ni ikú àti ìyè. A kò dá òkú lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n Ọlọ́hun fa ìlà fún àwa náà, òun ni à ń pè ní hudúúdù. Èṣù kì í ní kí a fò ó lẹ́ẹ̀kan. Ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló fi ń múni lọ. Akápò yá owó ẹgbẹ́ pé òun yóò dá a padà ní Jímọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ wo ìwé ẹnìkejì lẹ́ẹ̀kan péré. Arákùnrin àti arábìnrin ní ọ̀rọ̀ dáwà lásán ni. Kò sí nǹkan kan lánàá, wọ́n tún sún ìlà lónìí. Pé ìjì kò tíì jà kò fi hàn pé ọkọ̀ dára.

Hádíìsì kan wà nínú Bukhari, láti ọ̀dọ̀ Nu'man bin Bashir, níbi tí Ànọ́bì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti fi wá wé èrò ọkọ̀. Àwọn ìsàlẹ̀ fẹ́ lu ihò sí ibi tiwọn. Bí àwọn òkè bá dákẹ́, gbogbo wọn yóò rì. Bí wọ́n bá dì wọ́n lọ́wọ́ mú, gbogbo wọn yóò là. Ògiri tó wà láàrin wa náà kò lè dá omi dúró.

Kí Ọlọ́hun ṣọ́ ìlà wa fún wa. Àmín.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Ìlà wo ni o ti sún lọ́dún yìí?
2. Ta ni o jẹ́ kó máa yẹ ọkọ̀ rẹ wò?
3. Báwo ni a ṣe lè kìlọ̀ fún ọmọ ìyá wa láìdójú tì í?