Sí Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Oríta-mẹ́rin

Ẹ̀yin ọmọ mi, omíyalé Ògùnpa ọdún 1980 àti ti ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011 kó ẹ̀mí lọ n'Íbàdàn. Ìdí nìyí tí inú mi fi dùn pé ẹ fẹ́ so àkọsílẹ̀ àgbàrá Ọjà'ba, Mápó àti Bẹẹrẹ pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ẹnì kan ṣoṣo. Kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan tọ́jú tirẹ̀. Kí connector rẹ̀, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó so ó mọ́ àwọn àdúgbò yòókù, máa fi ohun tó wà nílẹ̀ han wọ́n, pẹ̀lú àdéhùn lílò rẹ̀. Ẹni tó bá gba àdéhùn ni kó rí i gbà. Bí àgbàrá bá dé, ẹ kọ ọjọ́, wákàtí, gọ́tà tó dí, àti ibi tí omi dé lára ògiri: orúnkún ni àbí ìbàdí? Ẹ yọ orúkọ onílé àti nọ́ńbà fóònù kúrò. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 ń dáàbò bo irú ìsọfúnni bẹ́ẹ̀.