Kí ni PBX, SIP àti codec?

Ìbéèrè: Ẹni tó fẹ́ ṣe fóònù ọ́fíìsì wa ń dárúkọ PBX, SIP àti codec. Kí ni wọ́n ń ṣe?

Ìdáhùn: PBX ló ń darí ìpè: ẹ tẹ 102, fóònù akáùńtáǹtì á dún, láìsan kọ́bọ̀. Kọ̀ǹpútà lè ṣe é. Ọ̀fẹ́ ni Asterisk, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe iṣẹ́ PBX, tí Mark Spencer bẹ̀rẹ̀ ní 1999. SIP ló ń bẹ̀rẹ̀ ìpè, tó sì ń parí rẹ̀; kì í gbé ohùn. Nípa codec ni kí ẹ bi ẹni náà dáadáa, torí codec ló ń pinnu iye dátà tí ohùn máa jẹ. Codec G.711 ń jẹ kílóbíìtì 64 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, G.729 ń jẹ 8 péré, àmọ́ ohùn G.711 já gaara jù ú lọ. Bí íntánẹ́ẹ̀tì yín bá ń fà, G.729 ni kí ẹ mú.