Ohun Tó Wuni Ní Í Pọ̀ Nínú Ọlà Ẹni

Ohun tó wuni ní í pọ̀ nínú ọlà ẹni: ológún ẹrú kú, aṣọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí mọ̀ pé owó nìkan kọ́ ló ń pinnu ohun tó máa kún ilé ẹni. Ẹni aṣọ wù á ní aṣọ, bí owó oṣù rẹ̀ kò tilẹ̀ tó nǹkan. Ẹni ìwé wù á rí ìwé kà. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi í bá ẹni tó ní òun kò ráyè kàwé jiyàn. Ohun tí mo máa ń bi í ni pé ìwé wo ló kà kẹ́yìn, ṣé ó sì dùn mọ́ ọn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìwé tí wọ́n fi ṣe ìdánwò ní sẹ́kọ́ńdìrì ló máa dárúkọ, èyí tí olùkọ́ fi pàṣán kọ́ ọ. Ẹni tó jẹ́ pé inú ìbẹ̀rù ló ti pàdé ìwé, báwo ló ṣe máa fẹ́ràn rẹ̀? Ìmọ̀ràn mi fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni pé kó má tíì wá ìwé tó máa sọ ọ́ di ọlọ́gbọ́n. Kó wá èyí tí kò ní í jẹ́ kó tètè sùn.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí ìtàn ọ̀daràn àti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bá wù, kó wá Àjà Ló Lẹrù tí Oládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ní 1969. Lápàdé, ọlọ́pàá tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀, ni yóò bá níbẹ̀, yóò sì tún bá ọkùnrin náà pàdé nínú Àgbàlagbà Akàn tó jáde ní 1971. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ bá wù, Ó Le Kú ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá ti wà láti 1974: Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì n'Ìbàdàn, kò mọ èwo ni kó fẹ́ nínú àwọn ọmọbìnrin tó yí i ká. Ọ̀pọ̀ ló ti wo sinimá tí Túndé Kèlání fi ìtàn náà ṣe ní 1997 tí wọn kò ṣí ìwé rẹ̀ rí. Irú wọn gan-an ló yẹ kó kà á, nítorí ẹni tó ti mọ ibi tí ìtàn ń lọ kì í sọnù lójú ọ̀nà. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ogun àti ọba bá wù, Adébáyọ̀ Fálétí kọ Ọmọ Olókùn Ẹṣin. Ẹni tí kò sì fẹ́ràn ìtàn àròsọ rárá, tó jẹ́ pé ìwé ìròyìn Aláròyé ló máa ń kà láti iwájú dé ẹ̀yìn, òǹkàwé lòun náà. Kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú tín-ín-rín òun. Bí ìwé kan kò bá sì wọ̀ yín lára lẹ́yìn orí méjì tàbí mẹ́ta, ẹ pa á dé, kí ẹ mú òmíràn. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Àwọn kan á ní Fágúnwà ló yẹ kí ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀. N kò gbà. Òun ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, ìdí sì nìyẹn tí n kò fi fẹ́ kí àkọ́bẹ̀rẹ̀ kọsẹ̀ lára rẹ̀. Gbólóhùn rẹ̀ gùn, ó ń fi ọ̀rọ̀ gbé ọ̀rọ̀, àwọn ẹ̀dà àtijọ́ sì wà ní àkọtọ́ tí a ń lò kí wọ́n tó fọwọ́ sí ti 1974, tí ẹ ó máa rí «aiye» àti «enia» níbi gbogbo. Ṣùgbọ́n ẹní bá fẹ́ jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Bí ẹ bá ti ka ìwé Yorùbá tó fúyẹ́ méjì-mẹ́ta tán, ẹ gbé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tó kọ́kọ́ jáde ní 1938, kí ẹ sì kà á sókè. Mo tún un sọ: ẹ kà á sókè. Ilé ẹ̀kọ́ ti kọ́ ojú wa láti máa sáré lórí Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ etí la fi gbọ́ Yorùbá dàgbà. Bí ènìyàn bá fi ojú nìkan ka Yorùbá, pàápàá níbi tí òǹtẹ̀wé ti fo àmì ohùn, á máa padà sẹ́yìn, á máa ṣiyèméjì, á wá rò pé òun kò gbọ́ èdè bàbá òun mọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹnu gbé e, etí á bá yín mú ohùn tó sọnù padà wá. Ìwé náà fúnra rẹ̀ fi hàn wá. Àkàrà-Ògùn, ọdẹ tó ni ìtàn inú rẹ̀, kò fi ìwé lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ó jókòó, ó ń sọ ìtàn, akọ̀wé ń kọ ọ́ sílẹ̀, nígbà tó sì di ọjọ́ kejì, èrò ti pé jọ láti wá gbọ́.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ẹni tó ní òun máa ka odidi ìwé tán ní òpin ọ̀sẹ̀ kì í sábà kà ju ojú ewé mélòó kan lọ, torí ìnáwó kan á yọjú, tàbí kí àlejò dé. Láti 1929 sí 1930, l'Ékòó, I. B. Thomas ń tẹ ìtàn Sẹ̀gilọlá sínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akede Eko, ní lẹ́tà-lẹ́tà, bí ẹni pé obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́ ránṣẹ́ láti orí ibùsùn àìsàn. Àwọn èèyàn á ka ti ọ̀sẹ̀ yìí, wọ́n á máa retí ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n á sì kọ̀wé sí olóòtú nípa rẹ̀. Ẹ̀yìn náà ló tó di ìwé. Bẹ́ẹ̀ ni kí àwa náà ṣe: orí kan, tàbí ìlàjì orí, lójúmọ́, kí a so ó mọ́ ohun tí a kò lè ṣe kí a má ṣe. Bí ẹ̀wà bá wà lórí iná, ẹ mú ìwé. Bí ẹ bá ń dúró de ọmọ lẹ́nu géètì ilé ẹ̀kọ́, ẹ mú ìwé. Kí fóònù wà ní yàrá mìíràn fún ìdajì wákàtí náà. Èyí ló le jù nínú gbogbo ohun tí mo ń sọ yìí, n kò sì ní í fi pamọ́ fún yín. Ẹni tó jẹ́ pé orí fóònù gan-an ló ti ń kàwé, kó pa dátà kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ojú tí yóò bá ni kalẹ́ kì í tàárọ̀ ṣepin. Bí iná bá lọ, ẹ má fi tọ́ọ̀ṣì fóònù kàwé dòru; ẹ wá fìtílà gidi. Láti nǹkan bí ọmọ ogójì ọdún, ohun tó wà nínú ojú tó ń bá wa rí ohun tó wà nítòsí á ti máa le, kò ní í lè tẹ̀ bí i ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹni tó ti ń na ìwé jìnnà síra kó tó rí i kà, ohun tó ń ṣe é nìyẹn. Ọ̀pọ̀ àgbà tó ní ìwé ti sú òun, ìwé kò sú wọn o, lẹ́tà ni wọn kò rí mọ́. Wọn ìbá lọ ṣe àyẹ̀wò nílé ìwòsàn ojú dípò awò tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri láàárín ọkọ̀.

Ní ti ríra ìwé, Jẹ́ríkò n'Ìbàdàn ni àwọn ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé bí University Press, HEBN àti Evans wà. Ẹni tó bá ń ra àlòkù tàbí tí wọ́n gbé ẹ̀dà ayédèrú wá bá, kó ṣí gbogbo ojú ewé wò kó tó sanwó. Nílé, ẹ má fi pẹpẹ ìwé ti ògiri tó máa ń rin lásìkò òjò, kí ẹ sì máa yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò nítorí ikán.

Ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dí ọ̀nà ẹgbèje. Ìwé ni òwe yìí bá wí jù láyé òde òní. Ẹ̀yin tí ẹ ń yá ìwé oníwèé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá a padà kí ó tó di ohun tí a ó máa fi ojú wá ara wa kiri. Ẹ̀yin olówó ìwé, ẹ kọ orúkọ ẹni tó gbé e lọ àti ọjọ́ tó gbé e sínú ìwé àkọsílẹ̀ kan, bó tilẹ̀ ṣe ọmọ ìyá yín ni. Èyí tí ẹ lè tún rà lẹ́ẹ̀kejì ni kí ẹ yá èèyàn. Èyí tí wọn kò tẹ̀ mọ́, kó má kúrò nílé. Kí ẹni tó fẹ́ ẹ wá kà á ní pálọ̀ yín, kí ẹ sì fún un ní omi mu.

Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Ọmọ tí kò rí ìyá tàbí bàbá rẹ̀ kí ó di ìwé mú rí, ariwo «lọ kàwé rẹ!» kò lè ṣe nǹkan kan fún un. Ẹ jẹ́ kó bá yín lẹ́nu ìwé. Aláwíyé tí J. F. Ọdúnjọ kọ ṣì dára fún ẹni tó ń kọ́ bí a ṣe ń ka Yorùbá. Bí màmá àgbà bá sì wà nínú ilé tí ojú rẹ̀ kò gbé lẹ́tà mọ́, iṣẹ́ ti délẹ̀ fún ọmọ náà nìyẹn: kó máa ka orí kan fún màmá lálẹ́. Màmá á tún ohùn rẹ̀ ṣe níbi tó bá ti ṣì í pè, á sọ ìtumọ̀ òwe tí ọmọ kò gbọ́ rí. Bí wọ́n bá dé ìparí orí, kí màmá bi í pé kí ló rò pé ó máa ṣẹlẹ̀ lọ́la, kí wọ́n sì fi ìwé náà síbi tí ọwọ́ àwọn méjèèjì ti lè tó o.