Àdìrẹ Abẹ́òkúta àti Ọ̀ràn Sódà ní 1936

Púpọ̀ nínú yín tí ẹ ń tajà ní Ìyànà-Ìbà àti Òkòkòmáikò ni ó ní àdìrẹ lórí àtẹ. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ó mọ̀ pé aṣọ yìí ti dá ìjà sílẹ̀ rí láàárín ọba àti àwọn obìnrin Ẹ̀gbá. Ìjà náà ni a fẹ́ fi ṣe ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ àwìn wà ní ìdí rẹ̀.

Aró dídá ti wà nílẹ̀ Yorùbá tipẹ́tipẹ́ kí aṣọ òyìnbó tó dé. Kíjìpá tí àwọn ìyá wa ń hun ni wọ́n ń rẹ. Nígbà tí aṣọ funfun Manchester wá kún ọjà, pàápàá lẹ́yìn tí ojú irin Èkó ti gba Abẹ́òkúta dé Ìbàdàn ní 1901, àwọn aláró Ẹ̀gbá rí i pé aṣọ fẹ́lẹ́ náà gba ọnà ju kíjìpá lọ. Àwọn ará Abẹ́òkúta a máa sọ pé agbo ilé Jojolá ní Kẹ́mtà ni ó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi ìko di í, ó di àdìrẹ oníko; wọ́n fi abẹ́rẹ́ rán an, ó di alábẹ́rẹ́; wọ́n fi iyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ láfún sí i, ó di ẹlẹ́kọ. Àwọn ọkùnrin náà bá wọn dá sí i: àwọn ni wọ́n ń gé páànù tí a fi ń tẹ ẹ̀kọ sára aṣọ.

Aró fúnra rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ kánjúkánjú. A óò gún ewé èlú tútù, a óò ṣù ú, a óò sá a gbẹ. A óò sun igi di eérú, a óò kó eérú náà sínú ìkòkò tí a dá lu nídìí, a óò da omi sí i, omi yóò sì máa kán sínú ìkòkò ìsàlẹ̀. Inú omi eérú yìí ni a ń rẹ èlú sí fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi kan. Bí a bá ti aṣọ bọ̀ ọ́ tí a fà á yọ, àwọ̀ ewé ni yóò kọ́kọ́ ní. Atẹ́gùn ni yóò sọ ọ́ di aró. A óò tún un bọ̀, a óò tún un sá, títí yóò fi dúdú dáadáa. (Ẹni tí ó bá ń sọ pé owó aláró ti pọ̀ jù, kí ó lọ jókòó tì wọ́n fún ọjọ́ kan.)

Láàárín 1920 sí 1930, ọjà náà gbóná. Àwọn oníbàárà ń ti Gold Coast, tí í ṣe Gánà òní, àti Sẹ̀nẹ̀gà wá ra àdìrẹ. Àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó ń fún àwọn obìnrin ní aṣọ funfun láwìn: wọn a rẹ ẹ́, wọn a tà á, wọn a san gbèsè. Nígbà tí ọrọ̀ ajé gbogbo ayé dẹnu kọlẹ̀ lẹ́yìn 1929, oníbàárà dín, gbèsè kò dín. Ẹni tí ọjọ́ ìsanwó rẹ̀ bá pé níláti tà, ìbáà jẹ́ pẹ̀lú àdánù, kí ó lè rí owó san, kí ó sì tún rí aṣọ mìíràn gbà. Iye owó wá ń já wálẹ̀ fún gbogbo wọn.

Àsìkò yìí ni kọ́sítíìkì sódà àti aró òyìnbó gbilẹ̀. Àwọn ará Jámánì ti ń ta aró tí a fi kẹ́míkà ṣe láti 1897. Sódà ní tirẹ̀ gba ipò omi eérú. Iṣẹ́ ọlọ́jọ́ gbọọrọ wá di kíá. Ṣùgbọ́n nǹkan líle ni. Ẹni tí kò mọ ìwọ̀n rẹ̀ a máa fi jó ara rẹ̀ lọ́wọ́, àwọn oníbàárà sì bẹ̀rẹ̀ sí ráhùn pé aṣọ ń tètè gbó.

Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fòfin de sódà àti aró òyìnbó, kí orúkọ àdìrẹ Ẹ̀gbá má baà bàjẹ́. Àwọn aláró kọ̀ jálẹ̀. Ní 1936 ọ̀rọ̀ náà kọjá ààfin dé ọ̀dọ̀ Gómìnà, a sì yan ìgbìmọ̀ ìwádìí. Ẹ̀yìn àwọn obìnrin ni ọ̀rọ̀ náà já sí, wọ́n sì ń lo ohun tí wọ́n fẹ́ lọ.

Lójú tiwa, sódà kọ́ ni ó kọ́kọ́ ba ọjà náà jẹ́. Ẹni tí gbèsè ń lé kò lè dúró de ìkòkò eérú. Òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti jáde ní Nàìjíríà ní 1935, ọdún kan péré ṣáájú ìwádìí yẹn, ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ kòkó ni ó kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀. Aláró kọ̀ọ̀kan ń dá ru gbèsè tirẹ̀ ni.

Lónìí, aṣọ ẹ̀rọ tí a tẹ ọnà àdìrẹ sí ń ti Ṣáínà wọlé. Ẹ máa yí ẹ̀yìn aṣọ wò kí ẹ tó rà: àdìrẹ ọwọ́ a máa gba aró dé ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ti ẹ̀rọ sábà máa ń ṣá.

Kí ẹ tó wá sí ìpàdé, ẹ gbé èyí yẹ̀ wò. Nínú ọjà tí ẹ ń tà, èwo ni ẹ gbà láwìn? Ọjọ́ mélòó ni wọ́n fún yín láti san án? Ǹjẹ́ ẹ ti ta ọjà rí ní iye tí ó dín sí iye tí ẹ rà á, nítorí kí ọjọ́ ìsanwó má baà kọjá? Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ ìdáhùn sílẹ̀. Orúkọ kò pọn dandan.