Òjò àti Ọyẹ́: Bí A Ṣe Lè Tọ́jú Rédíò Ẹgbẹ́ àti Ìlù Wa

Ẹ̀yin ará ẹgbẹ́ olùgbọ́, ní Datcha àti ní gbogbo agbègbè Atakpamé, bí rédíò ẹgbẹ́ bá dákẹ́, ta ló máa sọ ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára fún yín? Ibo lẹ ti máa gbọ́ iye tí wọ́n ń ra àgbàdo kí ẹ tó gbé e lọ sọ́jà?

Lásìkò òjò, ọ̀rinrin ló ń bà á jẹ́. Kò dìgbà tí òjò bá rọ̀ sí i. Irin wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ á máa dógùn-ún díẹ̀díẹ̀, ohùn á há. Ẹ má gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ má fi ti ògiri amọ̀. Bí ẹ ò bá ní lò ó fọ́jọ́ mélòó kan, ẹ yọ bátìrì rẹ̀, torí omi bátìrì máa ń jẹ irin. Àpò kékeré tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, ẹ má jù ú nù, ó ń fa omi. Ẹ fi sínú àpótí rédíò, kí ẹ sì pa á dé. Kì í ṣe ohun jíjẹ o, kí ọmọdé má rí i! Bí omi bá ta sí rédíò, ẹ má tàn án wò. Ẹ yọ bátìrì, ẹ nù ún, ẹ gbé e síbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta.

Ìlù ńkọ́? Awọ ń mu omi, á dẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn onílù fi ń yá a nínú oòrùn tàbí nídìí iná. Ṣùgbọ́n ohun tó dára lóṣù Kẹfà lè bà á jẹ́ lóṣù Kìíní. Èmi fúnra mi gbé gángan sídìí iná rí lọ́jọ́ ọyẹ́, pé kó lè dún kíkan. Ó dún lóòótọ́: fàà! Awọ ya. Awọ tí ọyẹ́ ti gbẹ kò fẹ́ iná mọ́. Inú àpò aṣọ, nínú ilé, ni kó wà.

Ọyẹ́ tún ní tirẹ̀ lára ẹ̀rọ. Ṣé ẹ rántí bí aṣọ nàílọ́ọ̀nù ṣe ń ta pàràpàrà tí ẹ bá bọ́ ọ lálẹ́, tí iná kékeré á hàn? Kì í ṣe iṣẹ́ ayé o. Iná mànàmáná ni. Bí nǹkan bá ń gbo ara wọn ló ń wá. Nígbà òjò, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ. Nígbà ọyẹ́, á dúró síni lára. Kò lè pa èèyàn, ṣùgbọ́n ó lè ba káàdì tí ẹ gba ọ̀rọ̀ sí jẹ́. Nítorí náà, kí ẹ tó mú káàdì, ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin ilẹ̀kùn. Aṣọ òwú tó rin díẹ̀ ni kí ẹ fi nu eruku ara rédíò, lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa á.

Kí ẹ tó tú ká lónìí, ẹ bi ara yín: ilé ta ni rédíò wa ń sùn, orí kí ni wọ́n sì ń gbé e lé?